Tẹ́sítà ń tàn ní ihò méjèèjì tí mo bá tan jẹnẹrétọ̀: ṣé irin ilẹ̀ ni, àbí niútírà?

Ọmọ_Òdógbolu (Sátidé, 7:48 àárọ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ iná ló gbé mi wá.

Ilé bàbá wa tó wà ní Òdógbolu ni mò ń tún ṣe kí Iléyá tó dé. Bí Iléyá bá ti wọlé, Ojúde Ọba ò jìnnà mọ́, ẹ sì mọ bí ilé ṣe máa ń kún nígbà náà. Màmá nìkan ló ń gbé ibẹ̀ láàárín ọdún. Mo ra jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA kan, èyí tó ní táyà tí a lè tì lọ tì bọ̀. Wáyámàn àdúgbò tún àpótí iná ṣe, ó fi ELCB 30 mA sí i, ẹ̀rọ tó ń já iná bí iná bá ń jò. Ó wá ní ọ̀nà méjì ni jẹnẹrétọ̀ lè gbà wọ ilé: kí òun ṣe wáyà olórí méjì, tó ní púlọ́ọ̀gì akọ ní orí méjèèjì, tí a ó máa kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá ìdáná, tàbí kí n ra ṣéńjóófà, ọwọ́ tí à ń yí láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀. Ó ní ti àkọ́kọ́ yá, ó sì pọ́ọ́kú. Mo ní ṣéńjóófà ni mo fẹ́. Ó ti gbé e kọ́.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Tí iná NEPA bá wà, tẹ́sítà ń tàn ní ihò kan ṣoṣo nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí a bá yí i sí jẹnẹrétọ̀, ihò méjèèjì ló ń tàn, àmọ́ kì í mọ́lẹ̀ tó ti NEPA. Mo fi multimeter wọn ihò kọ̀ọ̀kan sí wáyà ilẹ̀, ọ̀kan mú 117, èkejì mú 110. Láàárín ihò méjèèjì, 228. Màmá tún ní firíìjì ń ta òun lọ́wọ́ jìn-ìn tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, pàápàá bí òun ò bá wọ bàtà.

Wáyámàn ní gbogbo jẹnẹrétọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, pé kí n ri irin kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó parí. Aládùúgbò kan ní rárá o, kí n so niútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, mọ́ irin ara jẹnẹrétọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ẹlẹ́nu_Mímú

Ọmọ Ìjẹ̀bú ló ra ṣéńjóófà kó tó ra aṣọ ẹgbẹ́? Ẹ jẹ́ kí n dìde kí wọn ná.

Àdùkẹ́_Sábó

Èmi ò rí ohun tó burú nínú wáyà olórí méjì o. Òun ni mo fi ń tan ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, Ṣágámù níbí, fírísà méjì àti fáànù. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo á sọ bíréékà ńlá kalẹ̀ kí n tó kì í bọ̀ ọ́. Kò sí ohun tó ṣe wá rí. Owó ṣéńjóófà àti owó iṣẹ́, ẹ̀yin ẹ lọ wò ó lọ́jà bó ṣe dà.

Bàbá_Láìnì (Àgọ́-Ìwòyè)

Àdùkẹ́ ọmọ mi, mo kí ọ. Iṣẹ́ orí òpó ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, láti ayé ìgbà tí NEPA ṣì ń jẹ́ NEPA. Jẹ́ kí n sọ ohun tí wáyà yẹn lè ṣe fún ọ.

Tíránsífọ́mà òpópónà yín ń gba folti 11,000 lókè, ó ń sọ ọ́ di 415 láàárín féèsì sí féèsì, ìyẹn nǹkan bí 230 sí 240 láàárín féèsì kan àti niútírà. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ 33,000 ni wọ́n ń gbà. Tíránsífọ́mà ò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Bí o bá fún un ní 230 láti ìsàlẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún folti ni yóò gbé jáde lókè. Ọmọ tó wà lórí òpó ní àdúgbò kejì, tí wọ́n ti fi dá lójú pé wọ́n ti pa iná láti sítéṣàn, ọ̀dọ̀ rẹ ni ikú ti ń bọ̀ wá bá a. Ìdí nìyí tí a fi ń fi wáyà ilẹ̀ de láìnì kí a tó fọwọ́ kàn án. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọmọ tí wọ́n ń fi fóònù pè lóru pé kó wá wo láìnì ló máa dúró ṣe bẹ́ẹ̀.

O lè ní jẹnẹrétọ̀ rẹ kéré, pé ilé àwọn aládùúgbò á ti fà á kú kí iná rẹ̀ tó dé òpó. Lóòótọ́, ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fíúsì kan bá ti já láàárín ilé rẹ àti ilé tiwọn, tàbí tí ìwọ nìkan bá wà ní òpin láìnì, kò sí ohun tó máa fà á kú.

Èyí tó kàn ọ́ fúnra rẹ: tí NEPA bá dé nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń lọ, iná méjì tí kò bá ara wọn rìn ló pàdé nínú wáyà ṣọ́ọ̀bù rẹ. Kọ́ìlì jẹnẹrétọ̀, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀, ló máa kọ́kọ́ jó. Táńkì epo sì rèé lórí rẹ̀.

Àdùkẹ́_Sábó

Bàbá, ẹ ṣé. Àmọ́ mo sọ pé mo máa ń sọ bíréékà kalẹ̀ ná.

Bàbá_Láìnì

Mo kà á. Ọmọ tó ń bá ọ ta ọjà ńkọ́, ó mọ̀ ọ́n? Orí púlọ́ọ̀gì kejì ńkọ́? Akọ ni, irin mẹ́ta ló yọ síta. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, tó yọ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, iná wà lórí irin yẹn, ó sì wà nílẹ̀ tí ọmọdé ń gbà kọjá. Kò sí bíréékà kankan tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Níbo lo tiẹ̀ ń gbé jẹnẹrétọ̀ náà sí?

Àdùkẹ́_Sábó

Ọ̀nà ẹ̀yìn, láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti oníkọ́ńdẹ́sà. Òjò kì í dé ibẹ̀.

Bàbá_Láìnì

Gbé e jáde sí gbangba lónìí. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tó máa kìlọ̀ fún ọ, ó kàn ń mú ènìyàn sùn lọ ni. Ibi tó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ni kó wà, mítà mẹ́fà ó kéré tán. Tí òjò bá jẹ́ ìṣòro, orùlé páànù kékeré tí kò ní ògiri tó. Lẹ́yìn èyí ni ká tó sọ̀rọ̀ wáyà.

Wáyámàn_Ìpẹru (Sátidé, 9:30 alẹ́)

Mo kí Bàbá Láìnì. Ọ̀rọ̀ wáyà olórí méjì ti tán síbẹ̀ yẹn, mi ò fi kún un. Ọmọ Òdógbolu, ibi iṣẹ́ ni mo wà látàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Nǹkan méjì ni ẹ pa pọ̀ di ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n tú wọn.

Ohun tí tẹ́sítà ń sọ ná. Lórí iná NEPA, ìdí tíránsífọ́mà ni wọ́n ti so niútírà mọ́lẹ̀. Òun ló fi jẹ́ pé 230 wà láàárín láìfù, ìyẹn wáyà féèsì tó ń gbé iná wá, àti ilẹ̀, tí niútírà kì í sì í tan tẹ́sítà. Kọ́ìlì inú jẹnẹrétọ̀ kékeré ò rí bẹ́ẹ̀. Orí wáyà méjì ló jáde nínú rẹ̀. Kò sí èyí tó kan irin ara rẹ̀, kò sí èyí tó kan ilẹ̀. 230 wà láàárín àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bá ilẹ̀ ní àdéhùn kankan. Mítà wá pín in sí ìdajì-ìdajì fún yín. 117 àti 110 kì í ṣe àrùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é jáde láti ilé iṣẹ́ nìyẹn.

Fún ẹni tó ń kì fáànù kan ṣoṣo bọ ara jẹnẹrétọ̀ lójú àgbàlá, kò sí wàhálà. Bí wáyà kan bá já kan irin fáànù, iná ò rí ọ̀nà padà sí kọ́ìlì, kì í gbé ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ẹ bá gbé e wọ odidi ilé, tó ní pọ́ọ̀mpù, fírísà, àti wáyà tí eku ti jẹ lókè àjà. Wáyà kan á kan irin níbì kan, kò ní sí ẹni tó mọ̀, torí kò sí ohun tó máa wálẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀kan nínú wáyà méjèèjì ti bá ilẹ̀ so láìgbàṣẹ. Ẹni tó bá wá fọwọ́ kan èkejì, 230 tó pé ló máa jẹ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

ELCB tí ẹ náwó sí ńkọ́? Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ka iná tó gba láìfù jáde àti èyí tó gba niútírà padà, bí oníṣòwò obì ní Sábó ṣe ń ka obì látinú apẹ̀rẹ̀ kan sí èkejì. Bí iye méjèèjì ò bá dọ́gba, tí ìyàtọ̀ wọn bá tó 30 mA, ó wálẹ̀. Àmọ́ kí iná tó lè gba ibòmíràn lọ, ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí kọ́ìlì tó ti wá. Níbi tí niútírà ò ti so mọ́ ohunkóhun, kò sí ọ̀nà. ELCB á kàn jókòó síbẹ̀, yóò máa wò yín.

Ẹ má sì jẹ́ kí bọ́tìnnì T (ti ìdánwò) tó wà lórí rẹ̀ tàn yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, yóò wálẹ̀ fọ́ọ́, inú yín á dùn. Láàárín láìfù àti niútírà inú ELCB fúnra rẹ̀ ni bọ́tìnnì yẹn ti ń rí iná, kò bá ilẹ̀ da nǹkan kan pọ̀. Ó ń sọ fún yín pé ẹ̀rọ náà ṣì lè já. Kò sọ pé yóò já nígbà tí iná bá gbé Màmá.

Nítorí náà, aládùúgbò yín ló sún mọ́ òtítọ́. Niútírà jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ so mọ́ wáyà ilẹ̀, ní ibì kan ṣoṣo. Ibi tí mo máa ń ṣe é ni inú ṣéńjóófà, lẹ́nu ibi tí wáyà jẹnẹrétọ̀ ti wọlé, kó tó dé ọwọ́ tí à ń yí. Tí ọwọ́ bá wà lápá NEPA, ìsopọ̀ yẹn ò kan ilé. Tó bá wà lápá jẹnẹrétọ̀, ó ti wà níbẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣe é lẹ́yìn ELCB, torí iná niútírà á pín sí méjì, ELCB ò sì ní dúró lókè. Ẹ ò sì gbọdọ̀ so niútírà NEPA mọ́ wáyà ilẹ̀ nínú ilé, wọ́n ti ṣe tiwọn ní ìdí tíránsífọ́mà.

Gbogbo èyí dúró lórí pé ṣéńjóófà yín ń gé wáyà méjèèjì, láìfù àti niútírà. Mo ti ṣí àpótí kan rí ní Ìkẹ́nnẹ́, láìfù nìkan ni wọ́n gbé gba ṣéńjóófà, niútírà NEPA àti ti jẹnẹrétọ̀ jọ wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì kan. Bí niútírà bá já lórí òpó lọ́jọ́ kan, iná féèsì yóò gba inú àwọn ẹ̀rọ ilé aládùúgbò bọ́ sórí niútírà yẹn, ilé tó wà lórí jẹnẹrétọ̀ náà á sì gbà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí tiyín wò. Orí wáyà mẹ́rin ló yẹ kó wọlé, kí méjì jáde.

Firíìjì tó ń ta Màmá lọ́wọ́ ni mo fi sí ìkẹyìn, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù. Tí wáyà aláwọ̀ ewé bá ti ara firíìjì dé irin ilẹ̀ lóòótọ́, ọwọ́ ò gbọdọ̀ mọ nǹkan kan lára rẹ̀, ìbáà jẹ́ NEPA, ìbáà jẹ́ jẹnẹrétọ̀. Wáyà yẹn ti já níbì kan, tàbí kò dé ibẹ̀ rí. Ẹ wá a kí ẹ tó so niútírà. Bí ẹ bá so niútírà tán tí wáyà ilẹ̀ ò sì dé ara firíìjì, ọjọ́ tí nǹkan bá jó nínú rẹ̀, ara Màmá ni iná máa gbà kọjá kí ELCB tó wálẹ̀.

Ọmọ_Alárè_Houston

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ mi ò gbà pátápátá. Níbí, òdìkejì ohun tí ẹ sọ ni gbogbo wọn ń sọ. Jẹnẹrétọ̀ tí mo rà, niútírà rẹ̀ ti so mọ́ irin ara rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ìgbà tí mo gbé e wọ ilé, kò jẹ́ kí n sinmi, ṣáá ló ń wálẹ̀. Ẹni tó wá wò ó tú ìsopọ̀ yẹn kúrò, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní tí jẹnẹrétọ̀ bá ń bọ́ ilé, niútírà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lófìfo. Ṣé ẹ ò ní kó àwọn ènìyàn sí wàhálà báyìí?

Wáyámàn_Ìpẹru

Àbúrò, òótọ́ lẹni náà sọ, fún ilé yín. Nínú àpótí ńlá ilé Amẹ́ríkà, wọ́n ti so niútírà mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Ṣéńjóófà tó wọ́pọ̀ ní ilé yín sì ń gé láìfù méjèèjì nìkan, kì í gé niútírà. Niútírà jẹnẹrétọ̀ ń bá ti ilé pàdé nígbà gbogbo, ìyẹn ni pé ó ti ní ibì kan tó so sí. Bí jẹnẹrétọ̀ bá tún ní tirẹ̀, ó di ibi méjì, iná niútírà ń pín ara rẹ̀ gba wáyà ilẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ka iná lára jẹnẹrétọ̀ rí ìyàtọ̀, ó wálẹ̀.

Níbí, ṣéńjóófà gé niútírà NEPA kúrò pátápátá. Bó ṣe ń gé e, ó gbé ìsopọ̀ ìdí tíránsífọ́mà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Òfin kan náà ló ń darí ilé yín àti ilé tiwa: ibì kan ṣoṣo, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Ibi tí ó wà ló yàtọ̀. Fídíò tí àwọn ọmọ wa ń wò láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń fi tú wáyà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òun ni mò ń bá jà lójoojúmọ́.

Ọmọ_Alárè_Houston

Ó yé mi wàyí. Mo gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Iná (OOU)

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ti Wáyámàn lẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ irin, torí èrò pé irin ló ń mú bíréékà wálẹ̀ ti wọ́pọ̀ jù.

Irin ilẹ̀ tí à ń rà lọ́jà, èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bí mítà 1.2. Nínú ilẹ̀ tó lómi díẹ̀, tí agbára ìdènà rẹ̀ jẹ́ 100 ohm-mítà, irin kan ṣoṣo á fún yín ní nǹkan bí ohm 75. Lákòókò ọyẹ́, tí ilẹ̀ bá gbẹ, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ pín 230 sí 75, ampere 3 ló jáde. Ṣé ampere 3 ló máa mú bíréékà ampere 32 wálẹ̀? Iná tí bíréékà yẹn ń fún pọ́ọ̀mpù mu láràárọ̀ ju ìyẹn lọ. Fún ELCB, ampere 3 jẹ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tó ń wá, nítorí náà lórí iná NEPA, irin àti ELCB jọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lórí jẹnẹrétọ̀ tí niútírà rẹ̀ ò so, ẹ lè ri irin mẹ́wàá, òfo ni, torí ilẹ̀ ò mọ ibi tí kọ́ìlì wà.

Ohun kejì tí a kì í sọ: bí ẹ tilẹ̀ so niútírà, ẹ má gbọ́kàn lé bíréékà nìkan. Jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA, gbogbo agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ampere 15. Bíréékà 32 nílò ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún 32 kó tó lè wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí irú rẹ̀ bá jẹ́ B. Irú C ń fẹ́ ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá. Níbo ni ẹ̀rọ kékeré ti fẹ́ rí i? ELCB ni ẹ̀mí gbé dúró lé lórí.

Ẹlẹ́nu_Mímú

Nítorí náà, irin mẹ́wàá tí wọ́n rì sẹ́yìn ilé àbúrò bàbá mi ní Ìṣarà, ọgbìn ni wọ́n fi ṣe.

Wáyámàn_Ìpẹru

Ọ̀rẹ́, tí wọ́n bá so wọ́n pọ̀ dáadáa, ó wúlò fún iná NEPA àti fún àrá. Má tú u o.

Ọmọ_Òdógbolu (Àìkú, 4:05 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ṣí ṣéńjóófà, orí mẹ́rin ló wọlé, méjì ló jáde. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá jẹnẹrétọ̀ mi ti ní ìsopọ̀ nínú tẹ́lẹ̀? Ìwé tó bá a wá, èdè àwọn ará Ṣáínà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Wáyámàn_Ìpẹru

Ẹ pa á. Ẹ yọ gbogbo wáyà kúrò lára rẹ̀. Ẹ fi multimeter sí ibi tó máa ń dún, ẹ fi ẹnu kan sí ihò N, èkejì sí bóòtù irin tí kò ní ọ̀dà. Tó bá dún, ó ti ní, ẹ má fi kún un. Ẹ ṣe ti ihò L náà. Tó bá jẹ́ L ló dún, ẹ pè mí kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Kí ẹ sì fojú sí ibi tí wọ́n kọ N sí o, torí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara jẹnẹrétọ̀ yìí kì í fìgbà gbogbo bá ti ilé wa mu. Ẹ tọ ipa rẹ̀ dé inú ṣéńjóófà. Ẹni tó bá so òdìkejì mọ́ ilẹ̀ ti sọ niútírà di láìfù nìyẹn. Iná á máa tàn, ẹnikẹ́ni ò ní fura, ṣùgbọ́n bíréékà àti súwíìṣì ilé á máa pa niútírà, wọ́n á fi láìfù sílẹ̀.

Ọmọ_Òdógbolu

Ihò N kò dún. Ihò L náà kò dún.

Tòkunbọ̀_Mùṣin (Ìjẹ̀bú-Mùṣin)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọ ọ̀rọ̀. Tèmi jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ihò mẹ́rin ló wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, èyí tí a ń yí kó tó mú. Mo gba wáyà méjì nínú rẹ̀, mo rí 240. Mo lè so ọ̀kan mọ́ ilẹ̀ báyìí, àbí?

Wáyámàn_Ìpẹru

RÁRÁ. Ẹ dúró. Méjì tí ẹ mú yẹn, láìfù ni méjèèjì. 120 ni ọ̀kan, 120 ni èkejì, niútírà wà láàárín wọn ní ihò kẹta, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti so ó mọ́ irin ara rẹ̀ láti ọ̀hún. Bí ẹ bá wá so láìfù kan mọ́ ilẹ̀, ẹ ti fi wáyà so orí méjèèjì ìdajì kọ́ìlì pọ̀ mọ́ra wọn. Òun àti èéfín ni. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìgbà 60 ni iná rẹ̀ ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 50 ni tiwa, firíìjì àti pọ́ọ̀mpù tí wọ́n ṣe fún 50 nìkan lè má gbádùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ó lójú ara rẹ̀. Ti yín kọjá ohun tí a ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe.

Tòkunbọ̀_Mùṣin

Mo gbọ́. Mo ti yọ ọ́.

Bàbá_Láìnì

Ẹni tí ẹ máa pè, ẹ bi í bóyá ó ní ìwé àṣẹ NEMSA. Àjọ yẹn ni ìjọba gbé àyẹ̀wò iṣẹ́ iná àti àṣẹ wáyámàn lé lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹni tó bá ti ní tẹ́sítà lápò.

Ọmọ_Òdógbolu (Ọjọ́rú, 6:20 ìrọ̀lẹ́)

Mo padà dé. Wáyámàn mìíràn tó ní ìwé ló wá lónìí, láti Ìjẹ̀bú-Òde. A kọ́kọ́ wá wáyà ilẹ̀ bí ẹ ṣe ní. Irin wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé lóòótọ́, wáyà aláwọ̀ ewé sì ti ibẹ̀ gòkè wọ ògiri. Nínú àpótí iná, wáyà aláwọ̀ ewé àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì jókòó sórí ọ̀pá tiwọn. Wáyà tó ti ìta wá wà lẹ́yìn àpótí, wọ́n ká a róbótó, wọ́n fi táàpù dúdú wé orí rẹ̀. Àwọn méjèèjì ò kan ara wọn rí! Bẹ́ẹ̀ ni bọ́tìnnì T ń wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́.

Ó so ìyẹn, ó fa wáyà ilẹ̀ dé ṣéńjóófà, ó wá so niútírà jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ibi tó ti wọlé. Báyìí, lórí jẹnẹrétọ̀, ihò kan ṣoṣo ló ń tàn. Láìfù sí ilẹ̀, 229. Niútírà sí ilẹ̀, òdo àti díẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó ní bọ́tìnnì tirẹ̀, tó ń jò iná díẹ̀ sí wáyà ilẹ̀ gangan. Ó tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo yàrá, ELCB wálẹ̀ ní gbogbo wọn àyàfi sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wáyà ilẹ̀ ò dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó máa padà wá fà á lọ́la.

Màmá ní firíìjì ti jáwọ́.

Wáyámàn_Ìpẹru

Ẹ kú oríire. Kí ẹnikẹ́ni má kì áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn títí ọ̀la. Wáyà tó ti jẹnẹrétọ̀ wá sí ṣéńjóófà ńkọ́, ọmọ wáyà mélòó ló wà nínú rẹ̀?

Ọmọ_Òdógbolu

Mẹ́ta. Èyí tẹ́lẹ̀ jẹ́ méjì, ó ní kí a jù ú.

Wáyámàn_Ìpẹru

Ó mọṣẹ́. Ọmọ kẹta yẹn ló ń gbé irin ara jẹnẹrétọ̀ wá bá wáyà ilẹ̀ ilé. Ẹ rí i pé ó dé bóòtù ara rẹ̀, kì í ṣe inú púlọ́ọ̀gì nìkan, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ihò kẹta sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, inú rẹ̀ ṣófo.

Àdùkẹ́_Sábó (Ọjọ́bọ̀, 10:15 àárọ̀)

Mo ti gbé jẹnẹrétọ̀ jáde síta, oníkọ́ńdẹ́sà ló bá mi tì í. Mo ti gé orí kan kúrò lára wáyà yẹn, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ṣéńjóófà ṣọ́ọ̀bù, irú èwo ni kí n sọ fún wọn lọ́jà? Féèsì kan ni mò ń lò. Wáyà wo ni kí n rà, tí jẹnẹrétọ̀ bá máa jìnnà síta tó bí ẹ ṣe ní?

Wáyámàn_Ìpẹru

Ẹ sọ fún wọn pé oníwáyà méjì, 63 ampere, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i kí ẹ rí i pé ọwọ́ kan ló ń yí láìfù àti niútírà pọ̀, àti pé ó dúró láàárín níbi tí kò kan ẹnikẹ́ni kó tó bọ́ sí apá kejì. Wáyà, ẹ ra oníọmọ mẹ́ta tó rọ̀, 4 mm, torí ó máa jìnnà díẹ̀, fírísà sì máa ń fà gan-an nígbà tó bá ń gbéra. Ṣé ELCB wà nínú àpótí ṣọ́ọ̀bù yín?

Àdùkẹ́_Sábó

Kò sí o. Fíúsì oníwáyà ni, ti ẹni tó kọ́ ilé.

Wáyámàn_Ìpẹru

Ẹ ra ìyẹn kún un, 30 mA ni kí wọ́n fún yín, kì í ṣe 100 tàbí 300. Kí ẹ sì bi onílé bóyá irin ilẹ̀ wà.

Àdùkẹ́_Sábó

Onílé wa? Ẹni tí a bẹ̀ fún páànù ló ní òjò kì í rọ̀ lójoojúmọ́. Màá ra irin náà fúnra mi.